Ìwẹ̀fà Inú Kẹ̀kẹ́ àti Àwọn Ọ̀dọ́ Tí A Tìlẹ̀kùn Mọ́

Ẹ kà: Isaiah 56, ẹsẹ 3 sí 8, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8, ẹsẹ 26 sí 40.



Ọkùnrin ará Etiópíà nì, ẹni tí ó jẹ́ ìwẹ̀fà àti olùtọ́jú ìṣúra ayaba rẹ̀, rin ọ̀nà jíjìn lọ sí Jerúsálẹ́mù láti sin Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí òfin wí nínú Deuterónómì orí 23 nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀, pé kò gbọdọ̀ wọ inú ìjọ Olúwa. Ó lọ, ó sì ń padà bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìwé wòlíì Isaiah lọ́wọ́. Ibi tí ó ń kà ni àwa ń pè ní orí 53. Bí ó bá ṣí ìwé náà síwájú díẹ̀, yóò dé orí 56, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí fún àwọn ìwẹ̀fà pé Òun yóò fún wọn ní ipò nínú ilé Òun, àti orúkọ tí ó sàn fún wọn ju kí wọ́n ní ọmọ lọ.

Ẹ kíyèsí ohun tí Fílípì ṣe. Ó sáré lọ bá kẹ̀kẹ́ náà; ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà; ó gòkè, ó sì jókòó tì í. Lẹ́yìn èyí ni ó tó ya ẹnu rẹ̀ láti kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n sì dé ibi omi, tí ìwẹ̀fà náà béèrè ohun tí ó lè dí òun lọ́wọ́ láti ṣe ìrìbọmi, Fílípì kò fa ìdènà kankan yọ fún un láti inú òfin.

Ẹ̀kọ́ yìí ni mo fẹ́ kí á mú lọ́wọ́ bí a ti ń ronú lórí ọ̀ràn kan tí ó ń da ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ láàmú ní ayé ìsinsìnyí. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí a bí ní ọkùnrin, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kò yé wí fún wọn pé obìnrin ni wọ́n. Àwọn kan wà tí a bí ní obìnrin, tí wọ́n sì mọ ara wọn sí ọkùnrin. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò lè fi òtítọ́ inú pe ara wọn ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Èmi kò wí pé ìwẹ̀fà ìgbàanì àti àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ wọn jọ ara wọn.

Ní ìlú San Francisco, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oníjó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sean Dorsey, òun tìkára rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2002 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà wọn. Ó sì ti ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń kọ́ wọn ní ijó lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà ṣe ẹni tí ó ti kọ́ ijó rí, ìbáà ṣe ẹni tí kò gbé ẹsẹ̀ jó rí. Ní Brooklyn, nínú ìlú New York, ẹnìkan tí à ń pè ní Katy Pyle ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Ballez sílẹ̀ ní ọdún 2011.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ijó ni a mú láti fi ran irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ijó àwọn ará Yúróòpù tí à ń pè ní ballet, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti máa ń ya ọkùnrin kúrò lára obìnrin. Àwọn ọmọbìnrin ni í wọ bàtà líle láti dúró lórí ṣóńṣó ọmọ-ìka ẹsẹ̀; àwọn ọmọkùnrin ni í fò sókè, tí wọ́n sì ń gbé àwọn ọmọbìnrin. Aṣọ wọn yàtọ̀, yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ sì yàtọ̀. Ọmọ tí kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun yóò tò sí yóò dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà yóò sì padà sílé.

Ṣùgbọ́n ijó mìíràn wà, nínú èyí tí olùkọ́ kì í fi ìgbésẹ̀ kan han ọmọ pé kí ó ṣe é bí òun ti ṣe é. Ohun tí ọmọ yóò fi ara rò ni yóò fún un. Yóò wí pé, “Fi hàn mí bí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo ti ń rìn, àti bí ara rẹ̀ ti rí nígbà tí ó bá sọ ẹrù náà kalẹ̀.” Olúkúlùkù yóò wá ìdáhùn nínú ara tirẹ̀. Ìwúwo, àyè, àkókò àti ìṣàn ni wọ́n ń kọ́, kò sì sí ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin nínú wọn. Olùkọ́ rere yóò béèrè orúkọ tí ọmọ fẹ́ kí á máa pe òun, yóò sì pè é bẹ́ẹ̀. Kì yóò fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ láìgba àṣẹ. Fún ọmọ tí ara rẹ̀ ti dà bí ọ̀tá fún un, wákàtí kan tí ara náà fi jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn àgbà wí pé gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ dájú pé àwọn tí ìdílé wọn kọ̀ sílẹ̀ ni ó sábà máa ń ronú láti gba ẹ̀mí ara wọn.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Ǹjẹ́ ijó yẹ ọmọ Ọlọ́run?” Míríámù jó létí Òkun Pupa; Dáfídì jó níwájú àpótí ẹ̀rí. Míkálì ni kò jó. Ojú fèrèsé ni ó dúró sí, láti ibẹ̀ ni ó sì ti kẹ́gàn ọba nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ fi èyí wé ti Fílípì, ẹni tí kò dúró lókèèrè wo kẹ̀kẹ́.

Kí á má sì ṣe wí pé ojú ẹ̀yà tiwa kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Bí Yorùbá bá wí pé “ó ń jó,” ọ̀rọ̀ náà kò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ní ilẹ̀ Kétu àti àyíká rẹ̀, àwọn ọkùnrin a máa wọ aṣọ obìnrin jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti bọlá fún àwọn ìyá. Èmi kò pe ìjọ sí ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, n kò sì wí pé ọ̀ràn kan náà ni. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn baba wa rí ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin, wọn kò sì sọ òkúta lù ú.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ijó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí lélẹ̀ ni Rudolf Laban, tí a bí ní ọdún 1879 ní ilẹ̀ Hungary ìgbà náà. Ní ọdún 1933, nígbà tí ìjọba Hitler dé, ìlú Berlin ni ó wà, òun ni olórí ijó ní ilé eré ńlá ti ìjọba. Ní oṣù May ọdún náà ni wọ́n kọ lu ilé ìwádìí tí Magnus Hirschfeld, oníṣègùn tí í ṣe Júù, dá sílẹ̀ ní 1919, níbi tí irú àwọn ènìyàn tí à ń sọ yìí ti ń rí ìtọ́jú àti ààbò. Wọ́n kó àwọn ìwé rẹ̀, wọ́n sì sun wọ́n ní gbangba. Laban kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún kan náà, a lé àwọn ọmọ Júù kúrò nínú ẹ̀kọ́ ijó àwọn ọmọdé tí ó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ó tìlẹ̀kùn mọ́ ọmọdé kí ipò tirẹ̀ má bàa bọ́. Kí ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀? Ní ọdún 1936, Goebbels fi òfin de ijó ńlá tí ó ti pèsè fún Ìdíje Òlíḿpíìkì, a sì tìlẹ̀kùn mọ́ òun náà. Ní 1938 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Dartington, níbi tí àwọn ènìyàn ti gbà á. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi tàn dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹ̀bùn náà dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mú un wá ti tìlẹ̀kùn rí. Kí olúkúlùkù olùkọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn Ìjọ tí ó wà nínú ìdàpọ̀ Áńgílíkà kò fi ẹnu kò lórí ọ̀ràn yìí. Ní oṣù July ọdún 2017, Sínọ́ọ̀dù àgbà ti Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pinnu ní ìlú York pé kí á gba irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀ nínú ìjọ. Ìjọ ti Nàìjíríà kò tọ ọ̀nà náà. Kì í ṣe ìwé kékeré yìí ni yóò parí àríyànjiyàn àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kí á tó parí rẹ̀, àwọn ọmọ ń dàgbà, ọjọ́ sì ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún kan tí a ń múra ìkórè àwọn ọmọdé sílẹ̀, èmi ni mo to àwọn ọmọ tí yóò jó lọ síwájú pẹpẹ, ọkùnrin ní ọ̀tún, obìnrin ní òsì. Ọmọ kan wà nínú ìlà àwọn ọkùnrin, bí ọmọ ọdún 14, tí ó ń jó tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ijó rẹ̀ jọ ti àwọn ọmọbìnrin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Mo sì fà á jáde níṣojú gbogbo wọn, mo ní kí ó lọ kọ́ bí ọkùnrin ti ń jó kí ó tó padà wá. Kò padà. Kò padà sí ìlà, kò sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Bóyá ó jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn tí mo sọ̀rọ̀ wọn, n kò lè sọ, nítorí n kò bi í. Èmi kò sáré, n kò béèrè, n kò jókòó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, mo fi ìfẹ́ Kristi bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń to àwọn ọmọ fún ijó tàbí orin, ẹ tò wọ́n bí wọ́n ti ga sí, bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi ọmọ kankan ṣẹ̀sín níṣojú yín. Bí ọmọ bá fi àṣírí ọkàn rẹ̀ hàn yín, ẹ má ṣe gbé e lọ sí ọjà. Bí òbí bá sì fẹ́ lé ọmọ jáde, ẹ lọ bá a ní ilé rẹ̀, kí ẹ rán an létí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ohun tí ó bá kù láti kọ́ ọ, ẹni tí ó bá jókòó tì í ni yóò lè kọ́ ọ.

Kí Olúwa, ẹni tí ó ṣèlérí láti kó àwọn tí a lé jáde jọ, dárí ìlẹ̀kùn tí a ti tì jì wá, kí ó sì fún wa ní ẹsẹ̀ láti sáré tọ àwọn tí ń lọ lójú ọ̀nà aginjù. Àmín.