Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Àgbà Tún Kọ́ Bí A Ti Ń Ṣubú?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn ará ilé nígbà tí ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún bá ní òun fẹ́ dáwọ́ lé ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ sí, ohun tí yóò gbé e ṣubú lójú àwùjọ, tí kò sì ní mú kọ́bọ̀ wọlé. Wọn a pa á bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí òwe náà dáadáa, a ó rí i pé kò sọ pé kí àgbà má ṣubú. Ibi tí àgbà ń kọjú sí nígbà tí ó bá ṣubú tán ni ó ń sọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò kéré.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó lè kọ́kọ́ dà bí àwàdà. Àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré wà káàkiri òkè òkun lónìí. Ká ní ọ̀kan nínú wọn, olùkọ́, ẹni ọdún 45, ń gbé ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dọọdún. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí ó wá kọ́ eré ìyọ̀ lórí yìnyín, èyí tí à ń pè ní sikíì. Wọn kò tilẹ̀ fi èyí tí ó rọrùn lọ̀ ọ́. Telemark ni wọ́n ní kí ó wá kọ́. Ṣé kí ó lọ ni, àbí kí ó jókòó sílé kí ó máa yáná?

Telemark jẹ́ orúkọ agbègbè olókè kan ní gúúsù Nọ́wè. Ní abúlé Morgedal tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Sondre Norheim ní 1825, tálákà tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí ó sì mọ iṣẹ́ igi. Ó lọ́ ẹ̀ka igi tútù, ó fi di ẹsẹ̀ mọ́ pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́nà tí ó fi lè fò, tí ó sì lè yí padà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láìjẹ́ pé pátákó bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní 1868 ó lọ sí olú-ìlú wọn, tí à ń pè ní Christiania nígbà náà, tí ó ti di Oslo báyìí, ó sì ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ níbi ìdíje. Nínú eré tí ó ń jẹ́ orúkọ agbègbè rẹ̀ yìí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni a dè mọ́ pátákó. Gìgísẹ̀ wà lómìnira, ó ń gbéra sókè. Bí ẹni tí ń yọ̀ bá fẹ́ yà, ẹsẹ̀ kan á ṣíwájú, ekejì á fà sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ á sì tẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pátákó. Ìgbà tí ó yá, wọ́n ṣe irin tí ó di gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin. Ìyẹn rọrùn láti kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yà síbẹ̀, títí àwọn kan ní orí òkè Colorado ní Amẹ́ríkà fi padà sí ti àtijọ́ ní nǹkan bí 1970 sí 1979. Ohun tí yóò sọ̀ wọ́n kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá lọ mú èyí tí a ń kúnlẹ̀ fún ní gbogbo ìkọ́nà. (Ìdọ̀bálẹ̀ ni ọkùnrin Èkìtì mọ̀ ní tirẹ̀, ìkúnlẹ̀ ní ìgbà 100 láàárín òwúrọ̀ kan yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu.)

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ará ilé yóò bi olùkọ́ yìí ni pé: kí ni èrè rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí i kò tíì mọ bí owó ṣe ń wá. Síbẹ̀, àwọn ará gúúsù Èkìtì kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n máa bèèrè rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ìdáhùn kankan, nítorí Ọlọ́wẹ̀ ti dá wọn lóhùn. Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí 1873, tí ó wá di ará Ìsẹ̀ àti agbẹ́gilére Arínjalẹ̀, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Kí ilẹ̀kùn ṣí, kí ó sì tì, iṣẹ́ ilẹ̀kùn parí. Pákó pẹlẹbẹ yóò ṣe é. Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ. Ó wa inú igi náà jìn débi pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń yọrí síta, òmíràn ju òmíràn lọ: Ògògà lórí ìtẹ́ rẹ̀, òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n gbé rù wá kí i, àti àwọn tí ń ru ẹrù tẹ̀lé e. Àṣìgbẹ́ kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ jẹ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ ẹ, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà, ilẹ̀kùn sì di tiwọn.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ ò rí i, òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀, èrè rẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ń wa inú igi yẹn, kò sí Wembley lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí ó le ni ó yàn nígbà tí èyí tí ó rọrùn ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi Ọlọ́wẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí kò rí: iṣẹ́ ọ̀nà ni ó ń bọ́ ọ, ààfin ni ó sì ń ṣe é fún. Olùkọ́ tí ó wà ní Nọ́wè kò ní rí oúnjẹ jẹ nínú ìyọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ìdajì ọ̀rọ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ bá wa yanjú, pé ìrọ̀rùn kọ́ ni òṣùwọ̀n ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ìdajì tí ó kù ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ará ilé máa ń sọ, pé eré yìí kì í ṣe ti baba wa, kò gba àkókò. Bọ́ọ̀lù náà kì í ṣe ti baba wa. Seun Adigun, tí ó sá eré ìje onígi fún Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, fi pákó kan ọkọ̀ ìyọ̀ tí ó fi ń dánra wò ní Houston tí kò sí yìnyín. Nígbà tí ó di 2018, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé orúkọ Áfíríkà wọ ìdíje ọkọ̀ ìyọ̀ ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, ní PyeongChang ní Kòríà. Níbẹ̀ náà ni Simidele Adeagbo, ẹni ọdún 36, ti dojú bolẹ̀ lórí pátákó ìyọ̀ tirẹ̀, tí ó fi orí ṣíwájú. Kò tíì pé ọdún kan tí ó bẹ̀rẹ̀ eré náà. Ogún obìnrin ni ó díje, òun sì ni ó ṣe ìkogún. Ní 2022, ní Beijing, Samuel Ikpefan di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó yọ̀ lórí sikíì ní Òlíḿpíìkì. Irú tirẹ̀, èyí tí a fi ń rin ọ̀nà jíjìn, gìgísẹ̀ wà lómìnira nínú òun náà. Òótọ́ ni pé eléré ìdárayá ni wọ́n kí wọ́n tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka orúkọ wọ̀nyí tán kò tún lè sọ pé yìnyín kò mọ orúkọ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ewu ni ó wúwo. A kò ní láti ṣàlàyé ewu fún ará Ìkẹ́rẹ́, ẹni tí Olósùnta ń wò láti òkè lójoojúmọ́. Akọ òkúta gíga, tí ìlú ń bọ lọ́dọọdún, tí àwọn ọ̀dọ́ àti àlejò sì ń gùn láti wo ìlú nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ̀ níbẹ̀ kò ní koríko tí yóò dì mú. Bí àgbà bá gun àpáta yìí láti ṣeré, wọn a ní orí rẹ̀ dàrú. Bí ó bá sì fi igbà gun ọ̀pẹ, ẹnikẹ́ni kò ní wí nǹkan kan, nítorí ẹyìn tí ó ń wá lókè kì í jẹ́ kí a bi í léèrè ẹ̀yìn tí ó fi sílẹ̀. Àmọ́ bí igbà bá já, opó tí ó fi sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí opó ẹni tí ó ṣubú níbi eré. Ebi kò sọ ewu di mímọ́, eré kò sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀.

Ibí yìí ni òwe ìṣáájú ti wúlò. Ọmọdé ń wo iwájú nítorí kò sí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, àwọn òbí ni yóò gbé e. Àgbà ní ẹ̀yìn. Ìyá arúgbó wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí ń retí owó oògùn. Àbúrò wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn ọmọ wà tí wọn kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí orúnkún olùkọ́ yìí bá yẹ̀, orúnkún rẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò dùn. Nítorí náà kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti bi léèrè. Kí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ kí ó tó lọ, kì í ṣe nígbà tí ó bá tiro dé. Kí ó mọ ẹni tí yóò gbọ́ bùkátà ìyá fún oṣù mẹ́ta bí òun kò bá lè dìde. Kí ó wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí òkè kò ga ju àjà ilé lọ. Bí ó bá wo ẹ̀yìn tí ẹ̀yìn kò gbà á, kí ó kọ̀, kò sì sí àbùkù níbẹ̀.

Kìkì pé kí ó rí i dájú pé ìdí tí òun fi kọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ń sọ pé ewu ni òun ń bẹ̀rù, ìtìjú ni ó ń bẹ̀rù. Ọmọ ọdún mẹ́rin yóò yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí ó ti dùbúlẹ̀ nínú yìnyín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè bí lọ́mọ ni yóò máa sọ fún un pé kí ó tẹ orúnkún, yóò sì máa pe orúkọ rẹ̀ gbọnrangandan, nítorí kò sí “ẹ” àpọ́nlé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ibẹ̀. Fún ẹni tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ kí fún ogún ọdún, èyí le ju kí eegun ṣẹ́ lọ.

Àwọn baba àti ìyá wa ti la irú èyí kọjá rí. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní àsìkò tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ àgbà wà pẹ̀lú. Àgbẹ̀ onírùngbọ̀n ń jókòó lálẹ́ sórí àga pẹlẹbẹ tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí ní òwúrọ̀, ó ń fi ọwọ́ tí ó mọ ọkọ́ mú gègé, ó ń kọ “a” tí kò rí bí “a”. Àwọn ọmọ ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò lè gba ẹ̀rín yẹn padà sílé kò sì mọ̀wé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí mọ ọmọ tí ó mọ̀ pé òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní nawọ́ sókè. Ta ni ó tún rántí bí ó ti rí lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe olùkọ́ tí òun náà ṣubú ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kọjá?

Àléébù kan wà níhà kejì tí kò yẹ kí a fojú fò. Àwọn kan ń dáwọ́ lé ohun líle kí ayé lè wò wọ́n. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni àwòrán tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sílé. Ìdánwò wọn rọrùn: bí kò bá sí ẹni tí yóò ya àwòrán, ṣé wọn yóò lọ? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó rọra yáná rẹ̀ sílé.

Norheim alára kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí. Ní 1884, nígbà tí ó ń sún mọ́ ẹni 60 ọdún, ó kó ìyàwó àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ tálákà Nọ́wè ìgbà náà, láti wá ilẹ̀ tí yóò jẹ́ tiwọn. North Dakota ni ó kú sí ní 1897. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún oko, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ.