Ìtìjú Kò Gbọdọ̀ Di Ìkà

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Bí àtọ̀sí bá mú ọkùnrin, ó sábà máa ń mọ̀ láàárín ọjọ́ 2 sí 14: ìtọ̀ á máa gbóná fún un, ọyún á máa jáde lójú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọn á ra kápúsù díẹ̀ lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, tàbí kí wọ́n mu àgbo. Bí ìrora bá ti rọlẹ̀, wọ́n á ní ó ti tán. Ìyàwó ilé kò gbọ́ nǹkan kan.

Ǹjẹ́ ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀? Àwọn kan á dáhùn pé ẹ̀sìn wa ló ní kí ènìyàn bo àṣírí ara rẹ̀, kí ó sì tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni a ní kí ó bò, a kò ní kí ó bo àrùn. Ẹ̀ṣẹ̀ wà láàárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Àrùn ti kan ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí àtọ̀sí wà lára wọn kì í rí àmì kankan, títí yóò fi dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Wọn á wá máa pe obìnrin náà ní àgàn, ẹni tó kó àrùn wálé á sì jókòó láìfọhùn. Bí ó bá sì rí ọmọ bí, àrùn náà lè fọ́ ìkókó lójú. Èyí kì í ṣe ìtìjú mọ́, ìkà ni.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ láìsí ìwòsàn fún un. Àìṣà, ìyá àwa onígbàgbọ́, yin àwọn obìnrin Ánsárì pé ìtìjú kò dí wọn lọ́wọ́ láti béèrè ohun tó rú wọn lójú nínú ẹ̀sìn. Kí ló wá dé tí ọkùnrin kò lè béèrè lọ́wọ́ dókítà?

Nítorí náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì lo oògùn yín pé. Àtọ̀sí ti ń borí ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa á tẹ́lẹ̀. Ẹ mú ìyàwó yín dání, ìbáà ṣe ọ̀kan tàbí mẹ́rin, kí ẹ jọ gba ìtọ́jú, kí ẹ sì ta kété sí ìbálòpọ̀ títí dókítà yóò fi ní ó tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó kàn máa kó o ran ara yín ni.

Kí Ọlọ́run Ọba bò wá láṣìírí, kí Ó má sì jẹ́ kí a fi ìlera ẹlòmíràn bo àṣírí tiwa. Àmín.