Bí Ilé Ti Jìn Tó

Ẹ ka Gẹ́nẹ́sísì 45.



Ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu wa ní Hausari níhìn-ín, ìbáà ṣe oníṣòwò, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí wọ́n bá pè láti ilé pé àwọn òbí wa ń béèrè wa, a ó ní, “Ọ̀nà jìn.” Nítorí náà ni mo ṣe jókòó lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, tí mo ṣírò ọ̀nà náà.

Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Maiduguri dé ti Ìkẹjà ní Èkó, bí ẹyẹ ti ń fò tààrà, ó tó nǹkan bí 1,220 kìlómítà. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá a máa sáré tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá ka ìgbà tí ó fi ń gòkè àti èyí tí ó fi ń sọ̀kalẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan bí wákàtí 2 náà ni lójú ọ̀run. Abuja fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà yìí gan-an: 710 kìlómítà sí ọ̀dọ̀ wa, 510 sí Èkó. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ láti wọ òmíràn kò sọ ọ̀nà di gígùn. Ìdúró ni ó fi kún un, àti owó oúnjẹ.

Ẹ rántí àwọn àgbà tí wọ́n ṣáájú wa dé ibí. Ní 1964 ni ojú irin tó wọ Maiduguri. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yẹn lọ sílé yóò kọjá Gombe, Bauchi, Kafanchan àti Kaduna, yóò rékọjá odò Ọya ní Jẹ́bà, kí ó tó kan Ìlọrin, Òṣogbo àti Ìbàdàn. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ewu ń bẹ. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kejìlá 2013 wọ́n kọlu pápá ọkọ̀ òfuurufú wa, èrò kò sì rí ibẹ̀ gbà fún ìgbà pípẹ́. N kò bá ẹni tí ó jókòó nígbà náà wí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí pápá náà padà, ẹnu wa kò sì tíì yí padà.

Ẹ wo Jósẹ́fù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni òun náà, ní ilẹ̀ àjèjì. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí ó dúró níwájú Fáráò. Ọdún 7 ọ̀pọ̀ kọjá, 2 ti ìyàn tẹ̀ lé e, kí a tó gbọ́ pé ó rán kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ gbé bàbá rẹ̀ wá. Ọdún 9, kẹ̀kẹ́ sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀! Bíbélì kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa, èmi kò sì ní dá a lẹ́jọ́. Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, Jákọ́bù ṣì wà láàyè.

Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 6 ni mo fi wí fún ìyá mi ní Ṣàgámù pé ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Nígbà tí wọ́n pè mí lóru pé ó ti sùn nínú Olúwa, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti dé Ìkẹjà. Owó tí n kò rí fún ọdún 6, mo rí i yá kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, mo ń wo aago ọwọ́ mi, bí ìrìn náà ti yá tó sì ń gún mi lọ́kàn.

Bàbá mi ṣì wà. Mo ti san owó ọkọ̀ fún oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a jọ lọ, kí ó rí mi lẹ́yìn ìsìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹrù fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má fi rán mi.