Afárá Onígi àti Òkúta Ibojì

Ní ọgbà ìgbafẹ́ Stone Mountain, nítòsí ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, afárá onígi kan wà tí wọ́n fi òrùlé bò bí ẹni kọ́lé. Àlejò lè rò pé nítorí kí òjò má baà pa èrò ni. Igi gan-an ni òrùlé náà ń dáàbò bò, nítorí pákó tí òjò bá ń rin tí oòrùn sì ń sá kì í pẹ́ jẹrà. Nínú rẹ̀, pákó dábùú pákó bí ojú àwọ̀n lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìṣó igi ni wọ́n sì fi kàn wọ́n mọ́ra.

Washington King ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1891, sórí odò kan ní ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ní 1965 ni wọ́n gbé e wá sí ọgbà yìí. Lára òkè tí ó wà nínú ọgbà kan náà, wọ́n gbẹ́ àwòrán Jefferson Davis, Robert E. Lee àti Stonewall Jackson, àwọn aṣáájú tí ó jagun kí oko ẹrú má baà parẹ́. 1972 ni wọ́n parí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹrú ni Washington King. Bàbá rẹ̀, Horace King, ni a bí sóko ẹrú ní 1807. (Ọba ni ìtumọ̀ King. Ẹ wo ẹrú tí ń jẹ́ Ọba!) Olówó rẹ̀, John Godwin, ni ó ń bá kọ́ afárá kí ó tó gba òmìnira ní 1846. Ní 1868, wọ́n dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Alabama.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, inú bí mi. Ìwọ́sí ni mo kà á sí pé iṣẹ́ ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ di ohun ìṣeré lábẹ́ òkè yẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dí mi lọ́wọ́ ìbínú: nígbà tí Godwin kú ní 1859, Horace ni ó ri òkúta ìrántí sí ibojì rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹni tí a kó lẹ́rú lè ṣọ̀fọ̀ olówó rẹ̀ tọkàntọkàn? Àwọn kan yóò ní ìwà ẹrú ni. Èmi kò ní pe òkú ní òmùgọ̀. Òun ni ó ru ẹrù náà. Bí ó bá fẹ́ dárí jì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ta wá ni ó fún àwọn tí ó gbẹ́ òkè ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà wa ní, bí ẹni tí ó ṣu bá gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Òkúta ibojì kan, ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó rì í; òkúta ńlá kejì, ẹni tí a kò ṣẹ̀ ni ó fi yin àwọn tí ó ṣẹ̀. N kò lè fi ojú kan náà wò wọ́n, bí àwọn tí ó gbẹ́ ẹ tilẹ̀ pè é ní ìrántí lásán.

Kí n tó kúrò, mo wọ inú afárá náà. Òrùlé ṣíji bò mí, n kò rí òkè mọ́. Mo rìn dé erékùṣù kékeré tí ó wà lódìkejì adágún, mo sì tún gba orí rẹ̀ padà, mò ń fi ọwọ́ kan àwọn ìṣó igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan.