Ìwúre fún Ẹni Tó Kúnlẹ̀ Yàn

Gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ sókè, kí o gbé e lé àtàrí rẹ. Bí ìyá ìyá mi ti máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé, kí ó tó bu omi sẹ́nu. Orí ni ó kọ́kọ́ ń kí. Níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ire tí mo fẹ́ wú fún ọ lónìí, orí rẹ ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹ forí jì mí pé “ìwọ” ni mo ń pè yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a kúnlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì fẹ́ wúre fún.

Olódùmarè tó ni àárọ̀, Olódùmarè tó ni alẹ́, Ẹlẹ́dàá tó mọ ohun tí o bá a sọ kí o tó wáyé, kí ó dẹtí sí wa.

Orí rẹ kò ní gbàgbé ohun tí o yàn. Ohun tí o yàn kò ní ṣìnà ilé rẹ. Ìwọ yóò yàn, ìwọ yóò sì máa yan bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ìyàn kò ní mú ọ. Odó iyán ni yóò máa dún ní àgbàlá rẹ, ariwo iyàn kò ní dún níbẹ̀.

Àwọn àgbà tú orúkọ wa wò, wọ́n ní ènìyàn, ẹni tí a yàn ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fi kún un pé ẹni tí a yàn, tí a sì fún ní agbára láti yàn ni. Àgbọ̀nrín ń sá nítorí ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀gà ń hun ìtẹ́ bí ẹ̀gà àná ti hun ún. Ìwọ ni o lè dúró ní oríta, kí o wo ọ̀tún, kí o wo òsì, kí o ní, “Èyí ni mo fẹ́.” Oríta kò ní dà rú mọ́ ọ lójú. Ibi tí ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta, ojú rẹ yóò mọ ẹyọ kan tó jẹ́ tìrẹ.

Rántí ilé Àjàlá, amọ̀kòkò òde ọ̀run, tó ń fi amọ̀ mọ orí. Ifá sọ ọ́ nínú Ògúndá Méjì pé ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà síbì kankan. Àwọn méjì kò yà lóòótọ́. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò rí i, wọ́n sì mú orí tó dára lójú ara wọn. Orí ọ̀hún kò jiná. Bí òjò ọ̀nà ayé ti ń pa á ni ó ń bó. Wọ́n ṣiṣẹ́ títí láyé, iṣẹ́ kò lérè. Ṣùgbọ́n Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ní òun kò ní ṣàì fojú kan bàbá òun. Ó yà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rúbọ fún un, ibẹ̀ ni ó ti rí iyọ̀ àti owó mú dání. Ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀; ó fún un ní iyọ̀. Ó dé ilé Àjàlá, ó bá ẹni tí Àjàlá jẹ lówó tó jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, Àjàlá fúnra rẹ̀ ti sá pamọ́ sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè ọ̀hún. Nígbà náà ni Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, tó bá a wá orí tó jiná.

Ó ti pẹ́ tí ìtàn yìí ti ń yí nínú mi, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé kí Afùwàpẹ́ tó yan orí, ó ti yàn nígbà mẹ́ta. Ó yan bàbá rẹ̀. Ó yan àjèjì tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò dùn. Ó yan onígbèsè tí kò lójú láti jáde síta. Yíyàn kékeré mẹ́ta yẹn ni ó gbé e dé ibi yíyàn ńlá.

Nítorí náà, kí ojú má kán ọ kọjá ilé bàbá rẹ. Kí iyọ̀ má tán lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí àjèjì bá ń fi eérú sebẹ̀. Kí ó máa ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, èyí tí wàá fi yọ ẹni tó sá sókè àjà. Orí tí kò jiná, ìwọ kò ní gbé e. Èyí tí o sì ti gbé wá, bí ó bá níbi tó ti sán, Olódùmarè yóò fi amọ̀ tuntun dí i, yóò fi iná tí kì í jóni sun ún. Òjò àárọ̀ yóò rọ̀, orí rẹ kò ní bó. Òjò ọ̀sán yóò rọ̀, orí rẹ kò ní bó. Òjò alẹ́ yóò rọ̀, inú ilé ni yóò bá ọ, lẹ́bàá iná, láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ.

Àwọn baba wa ní àkúnlẹ̀yàn wà, àkúnlẹ̀gbà wà, àyànmọ́ náà wà. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹni tó lu aya rẹ̀, tàbí ẹni tó kó owó ìlú jẹ, bá ní bí a ti yàn án mọ́ òun nìyẹn. Rárá o! Ilé tí a bí ọ sí, ọjọ́ tí o dé, ọjọ́ tí o máa lọ, a lè pe ìyẹn ní àyànmọ́. Ọwọ́ tí o gbé sókè, tìrẹ ni. Kí àyànmọ́ rẹ má di àwáwí rẹ. Kí o má ṣe ti ẹ̀bi ọwọ́ rẹ sí orí rẹ lọ́rùn. Ifá kan náà ló sọ pé àwọn orí pé jọ nígbà kan, wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i, ìmọ̀ tí wọ́n pa kò sì ṣẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ̀yìn sí orí rẹ. Orí rẹ kò ní tàbùkù ẹsẹ̀ rẹ. Ohun tí orí bá rò, ẹsẹ̀ yóò rìn dé ibẹ̀, ọwọ́ yóò sì kó o wálé.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun. Wọ́n ra ẹ̀yìn wọn, wọ́n ra apá wọn, wọ́n ka eyín ẹnu wọn. Wọn kò rí orí wọn rà. Ní Bàhíà ní Brazil títí dòní, àwọn ọmọ wọn ń ṣe ètùtù kan tí wọ́n ń pè ní bori. “Bọ orí” tiwa ni. Ní Kúbà, àgbọn àti ẹfun àti òwú ni wọ́n fi ń tu orí lójú. Ẹni tí kò lè yan ibi tí yóò sùn lálẹ́ ṣì yàn láti bọ orí rẹ̀. Bí mo bá ti ronú dé ibẹ̀, omi a bọ́ lójú mi.

Ní 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan, Àjàyí, ní Òṣogùn. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí tó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n lóṣù kẹrin 1822, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Fún gbogbo àkókò yẹn, ẹlòmíràn ló ń yàn fún un. Nígbà tí yíyàn wá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó yan èdè ìyá rẹ̀: ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe jáde ní 1843, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti Afala ìyá rẹ̀ tún fojú kanra lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ní 1864 ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

A kò ní fi ọ́ pààrọ̀ ẹṣin. A kò ní fi ọ́ pààrọ̀ owó, a kò ní fi ọ́ pààrọ̀ ìlérí. Ẹni tó ní òun yóò mú ọ lọ sókè òkun, tó sì fẹ́ gba ìwé ìrìnnà rẹ pamọ́, ojú rẹ yóò là kí o tó nà án sí i. Ìyá rẹ kò ní wá ọ fún ọdún 25. Bí ó bá sì ti ń wá ọ, kí ó rí ọ. Kí ó rí ọ ní ààyè, kí ó rí ọ pẹ̀lú èdè rẹ lẹ́nu.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti yẹ ọ̀rọ̀ yíyàn yìí wò. Ní 1983, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Benjamin Libet, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn mi ọrùn ọwọ́ nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Wọ́n rí i pé ọpọlọ ti ń múra sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ẹni náà tó mọ̀ pé ó ń wu òun. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní yíyàn ọmọ ènìyàn kò sí mọ́ nìyẹn. Libet fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ààyè díẹ̀ ṣì kù, ààyè tí ẹni náà fi lè kọ̀.

Kí Olódùmarè bá ọ mú ààyè kékeré yẹn gbòòrò. Nígbà tí ìbínú bá ti na apá rẹ jáde, kí o rí ààyè kọ̀. Nígbà tí èké bá ti dé ètè rẹ, kí o rí ààyè kọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi owó bo ojú ìwé tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí, kí o rí ààyè kọ̀. Kíkọ̀ rẹ kò ní kó ọ sí wàhálà. Ilẹ̀kùn tí o kọ̀ láti gbà wọlé kò ní di ilẹ̀kùn tí o ń kábàámọ̀. Gbígbà rẹ yóò lérè, kíkọ̀ rẹ yóò níyì.

Ìwọ tí ò ń wá ọmọ, wàá gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun nínú yàrá rẹ. Ìwọ tí o ti bí, ọmọ rẹ yóò yàn, yíyàn rẹ̀ kò sì ní pa ọ́ lẹ́kún. Bí ó bá yan iṣẹ́ tí o kò rò, tàbí ìlú tí o kò dé rí, kí Olódùmarè fún ọ ní sùúrù tí òun náà ń ní sí wa. Ohun tí o bá gbìn yóò hù, ohun tó hù yóò so, èso rẹ kò ní rà mọ́ igi.

Ọwọ́ rẹ á bá owó, ọ̀wọ̀ á sì bá ọ nílé. Owó kò ní lé ọ̀wọ̀ jáde. Wọn yóò dárúkọ rẹ níbi tí o kò sí, ohun tí wọn yóò sọ kò ní ti àwọn ọmọ rẹ lójú.

Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀ wàyí. Ilẹ̀ ti mọ́, ọ̀nà wà níwájú ilé. Dìde, kí o mú èyí tó wù ọ́ níbẹ̀; kí orí rẹ ṣáájú, kí ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ lé e, kí iyọ̀ wà nínú àpò rẹ.

Àṣẹ Elédùmarè.