Nígbà tí Ọkọ̀ Bá Dúró: Sùúrù Arìnrìn-àjò àti Ojúṣe Ará Ìlú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ni ọ̀nà, tí ó sì ni arìnrìn-àjò. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á máa páyà Ọlọ́hun nílé àti lẹ́yìn odi.

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ìdádúró lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157. Irin náà kò gba ilẹ̀ Ìbàràpá kọjá. Ará Ìgbò-Ọrà tí ó bá wọ̀ ọ́ láti Èkó, Abẹ́òkúta ni yóò ti sọ̀kalẹ̀ kí ó tó wá ọkọ̀ ilé. Bí ọkọ̀ ojú irin bá wá pẹ́, tí ilẹ̀ ṣú, tí gáréèjì sì dá, ìlú tí kò pète àtisùn ni yóò sùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo díísù tán nínú ọkọ̀ ojú irin kan ní ọ̀nà yìí kan náà, àwọn èrò sì há sójú ọ̀nà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ̀sìn ń fẹ́ lọ́wọ́ wa? Ṣé kí á pè é ní kádàrá, kí á sì dákẹ́ ni? Àbí kí á máa ṣépè?

Ẹ rántí ìtàn ẹ̀gbà ọrùn Ìyá wa Áíṣà. Lójú ìrìn-àjò ni ẹ̀gbà náà ti sọnù, Ànábì sì dá gbogbo àwọn tí ó bá a rìn dúró kí wọ́n lè wá a. Ibẹ̀ kò ní omi, kò sì sí omi lọ́wọ́ wọn. Àwọn ènìyàn ráhùn lọ bá Abúbákárì, òun náà sì bá ọmọ rẹ̀ wí gidigidi. Ilẹ̀ mọ́ láìsí omi àlùwàlá, Ọlọ́hun sì sọ ẹsẹ tayámúmù kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ràkúnmí Áíṣà dìde, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹ̀gbà náà. Ìdádúró tí ó bí gbogbo ènìyàn nínú lálẹ́ ni ó di ìrọ̀rùn fún wa títí di òní.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtàn yìí bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Ohun tí ó sọnù láìmọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a gbà, tí a gbowó rẹ̀, tí a kò sì ṣe. Ìkejì jẹ́ dída àmáánà. Sùúrù kò ní kí á pe búburú ní rere. Ẹ bèèrè ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú ahọ́n tí ó mọ́, kí ẹ má sì bú òṣìṣẹ́ kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Kí ìbínú má sì gba ìrun lọ́wọ́ yín: ẹni tí ọ̀nà há mọ́ ìlú tí kò pète àtigbé, arìnrìn-àjò ni ó ṣì jẹ́, ìdẹ̀rùn dídín ìrun kù sì wà fún un.

Ojúṣe arìnrìn-àjò nìyẹn. Ti ará ìlú ńkọ́? Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí a bá ka Súrà Káfì, à ń ka ìtìjú ìlú kan. Ní ẹsẹ 77, Ànábì Músá àti ẹnì kejì rẹ̀ dé ìlú náà, wọ́n tọrọ oúnjẹ, àwọn ará ibẹ̀ sì kọ̀ láti gbà wọ́n lálejò. Síbẹ̀, ẹnì kejì Músá tún ògiri wọn tí ó fẹ́ wó ṣe láìgba owó. A kò mọ orúkọ ìlú náà. Ìwà rẹ̀ nìkan ni a mọ̀.

Ìgbò-Ọrà ní tirẹ̀, ìlú ìbejì ni, àlejò sì ń wá a láti ọ̀nà jíjìn. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ọ̀kan nínú wọn níbí, níbo ni yóò sùn? Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, a máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́sálásí wa. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i, nítorí ẹ̀rù olè, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n a ti dáàbò bo ẹní àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. A kò tíì ro ti ẹni tí òru há mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, a ń bẹ jámọ̀ọ̀ pé kí á yan àgbàlagbà méjì tí ilé wọn wà nítòsí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n bi àlejò ní ibi tí ó ti ń bọ̀, kí wọ́n sì fún un ní omi, ẹní àti oúnjẹ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, kí á wá ilé tí ìyàwó ilé wà fún un. Bí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, Súrà Táobà, ẹsẹ 60, ti ka irú arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ẹni tí ó jẹ́ onílé lónìí lè di àlejò lọ́la.

Kí Ọlọ́hun mú gbogbo ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà délé láyọ̀, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí ìlú wa di ìlú tí ó ti àlejò síta. Àmín.