A Kì Í Fi Ojú Olójú Ṣòwò Ká Jèrè

Òwe yìí ni mo máa ń rántí bí ọ̀dọ́ atẹ̀wé bá fẹ́ sanwó ẹ̀rọ tó rí nínú fọ́tò lásán. Ní Ṣómólú, l'Ékòó, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀, wọ́n mọ Heidelberg GTO 52 dáadáa, ẹ̀rọ Jámánì tó ń tẹ pépà tí kò tóbi ju sẹ̀ǹtímítà 36 ní 52 lọ. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù. Ọ̀dà tuntun sì lè bo irin tó ti dógùn-ún mọ́lẹ̀.

Ojú tiyín ni kó débẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú búláńkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó bo sílíńdà, kúrò, kí ẹ fi ìka tọ́ ara sílíńdà abẹ́ rẹ̀ wò. Ibi tó bá ti tẹ̀ wọnú kò ní tẹ̀wé dọ́gba mọ́. Rọ́là tó ti le kì í gba íǹkì dáadáa, ṣùgbọ́n rọ́là ṣeé pààrọ̀, ẹ má torí ẹ̀ sá. Sílíńdà ni ọ̀ràn! Nọ́ńbà tó ń ka iye ìwé tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ ńkọ́? Wọ́n lè dá a padà sí òdo, èmi kì í gbára lé e.

Iṣẹ́ àwọ̀ mẹ́rin máa gba inú ẹ̀rọ aláwọ̀ kan kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin. Nítorí náà, ẹ tẹ ìlà sórí ìwé kan, kí ẹ tún kì í bọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìlà kejì kò bá bọ́ sórí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, ó ṣeé ṣe kí gírípà tó ń di pépà mú ti jẹ.

Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò síná láti dán an wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró títí iná yóò fi dé kí ẹ tó sanwó.